Àyípadà Ojú Ọjọ́: Kí Ni Àwọn Olóṣèlú Ń Bá Ara Wọn Fà Gan-an?

Bí ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ bá ti délẹ̀ nínú ìròyìn, wọ́n á ní àwọn kan gbà pé òótọ́ ni, àwọn kan ò gbà. Ìjà náà ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lóṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Donald Trump pe gbogbo rẹ̀ ní jìbìtì tó tóbi jù lọ tí wọ́n tíì lu aráyé. Kemi Badenoch, ọmọ Adégòkè tó ń darí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò pè é ní jìbìtì. Ohun tó ń sọ ni pé gbèdéke ọdún 2050 tí òfin ilẹ̀ náà fi lélẹ̀ kò lè ṣeé ṣe láìjẹ́ pé ìgbé ayé aráàlú wó lulẹ̀. Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, nígbà tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Nàìjíríà, gbà pé òótọ́ ni, ó gbà pé ó burú, ṣùgbọ́n ó takú pé kò yẹ kí wọ́n ní kí Áfíríkà pa gáàsì tì nígbà tí àwọn tó ń pàṣẹ ṣì ń lò ó. Nnimmo Bassey, ajàjàgbara àyíká tí àjọ rẹ̀ wà ní ìlú Bìní, ní kí wọ́n fi epo rọ̀bì sílẹ̀ sínú ilẹ̀ níbi tó wà. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n, ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì dúró sí. Ẹni tó bá pín wọn sí onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́ yóò ṣi mẹ́ta nínú wọn gbọ́.

Ìdí ni pé kì í ṣe ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé ayé ń gbóná, ṣé àwa la sì fà á? Bó bá jẹ́ òótọ́, báwo ló ti burú tó, báwo ló sì ṣe yẹ ká yára tó? Ọ̀nà wo la fẹ́ gbé e gbà: owó orí ni, òfin tó ń ka nǹkan léèwọ̀ ni, àbí kí ìjọba máa fowó ṣèrànwọ́? Irú iná wo ló yẹ ká máa lò? Ta ni yóò sì sanwó rẹ̀? Olóṣèlú kan lè bá ọ fohùn ṣọ̀kan lórí mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ wá pínyà pátápátá lórí èyí tó kàn.

Ṣé òótọ́ ni?

Lórí èyí, sáyẹ́ǹsì ti sọ tirẹ̀. Kí àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńláńlá, bí a bá pín afẹ́fẹ́ tó yí wa ká sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 280 nínú rẹ̀ ló jẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáídì, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń ti ara èédú, epo àti gáàsì jáde bí a bá dáná sun wọ́n. Lọ́dún 1958, Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, nǹkan bí 315 ló bá. Lónìí ó ti ju 420 lọ. Ìgbìmọ̀ IPCC, tó ń ṣàkójọ ìwádìí àwọn onímọ̀ láti ọdún 1988, sọ lọ́dún 2021 pé ayé ti fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.1 Celsius gbóná ju bó ṣe wà láàrin 1850 sí 1900 lọ, kò sì sí iyèméjì pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ọdún 2024 nìkan fi bí ìwọ̀n 1.5 gbóná jù ú lọ.

Síbẹ̀, àwọn tó ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà, àwọn mìíràn nínú wọn sì wà nípò àṣẹ. Lóṣù kejì ọdún 2015, James Inhofe, sẹ́nétọ̀ láti Oklahoma tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àyíká, gbé ìṣù yìnyín wọ ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà, ó sì jù ú sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i bí òtútù ṣe mú tó níta. Ibi tó ti ṣìnà ni pé ojú ọjọ́ òní kọ́ là ń wọ̀n. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kó pọ̀ kí wọ́n tó sọ pé ojú ọjọ́ ibì kan ti yí padà. Òjò tó bá ṣèèṣì rọ̀ n'Íbàdàn lóṣù kìíní kò sọ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé iyàn yìí máa ń ṣípò. Wọ́n á kọ́kọ́ ní ayé kò gbóná. Bí ẹ̀rí bá pọ̀ jù, wọ́n á ní ó ń gbóná, ṣùgbọ́n oòrùn ló ń fà á. Èyí náà ní ìdáhùn tó ṣe kedere: láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn sátẹ́láìtì ti ń wọn agbára oòrùn, kò sì lọ sókè bí ayé ṣe ń gbóná. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìpele afẹ́fẹ́ tó wà lókè pátápátá ń tutù nígbà tí èyí tó sún mọ́ ilẹ̀ ń gbóná. Bó bá ṣe pé oòrùn ni, méjèèjì ni ìbá gbóná pọ̀. Lẹ́yìn oòrùn, wọ́n á ní àwa la fà á, ṣùgbọ́n kò burú. Níkẹyìn, wọ́n á ní ó burú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, kò sí ohun tá a lè ṣe. Bí ẹ bá mọ ìpele tí ẹnìkan dúró sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yin àti òun lè sọ̀rọ̀ láìpariwo.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé apá ọ̀tún nínú òṣèlú, ìyẹn àwọn tí kò fẹ́ kí ìjọba máa dá sí ọrọ̀ ajé jù, ti ń tako ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Margaret Thatcher, tó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì kó tó di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ gbé e síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, lóṣù kọkànlá ọdún 1989. George Bush àgbà ló fọwọ́ sí àdéhùn Rio, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ojú ọjọ́, fún Amẹ́ríkà lọ́dún 1992. Lọ́dún 2017, James Baker àti George Shultz, àgbààgbà ẹgbẹ́ Republican méjì tí wọ́n ti ṣe mínísítà ilẹ̀ òkèèrè rí, dábàá owó orí 40 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì dá gbogbo owó náà padà fún aráàlú.

Ohun tó yí wọn lọ́kàn padà ni pé ìwòsàn tí wọ́n ń dábàá ń béèrè òfin, owó orí àti àṣẹ ìjọba, nǹkan mẹ́ta tí apá ọ̀tún kò nífẹ̀ẹ́ sí. Ibi tí oúnjẹ ènìyàn ti ń wá tún wà níbẹ̀. Joe Manchin, nígbà tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ Democrat, ṣojú West Virginia níbi tí èédú ti ń bọ́ wọn, ó sì máa ń dènà òfin ẹgbẹ́ tirẹ̀. Texas, níbi tí Republican ti ń jọba, ló ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, torí pé owó wà níbẹ̀ fún àwọn tó nílẹ̀.

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ rọra

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olóṣèlú apá ọ̀tún lágbàáyé wà báyìí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ibi tó dára jù láti wò ó. Lọ́dún 2008, ìjọba Labour gbé òfin àyípadà ojú ọjọ́ jáde pé kí ilẹ̀ náà dín èéfín rẹ̀ kù ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún títí di 2050, bí a bá fi wé ti ọdún 1990. Conservative náà dìbò fún un. Àwọn tó tako ó kò ju ìwọ̀nba lọ. Lọ́dún 2019, Theresa May, olórí ìjọba láti inú Conservative, sọ ọ́ di net zero. Ìtumọ̀ èyí kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò ní dáná mọ́: ó túmọ̀ sí pé èéfín tí ilẹ̀ náà bá tú sáfẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ ju èyí tí igbó, ilẹ̀ àti ẹ̀rọ bá fà padà lọ. Òfin náà ní kí ìjọba máa fi òdiwọ̀n èéfín lélẹ̀ fún ọdún márùn-ún márùn-ún, kí ìgbìmọ̀ olómìnira kan sì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìṣọ̀kan yẹn ti tú. Lọ́dún 2023, Rishi Sunak, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, sún ọjọ́ tí wọ́n máa fòpin sí títa ọkọ̀ tuntun tó ń lo bẹntiróòlù síwájú, láti 2030 sí 2035. Lóṣù kẹta ọdún 2025, Badenoch ní net zero títí di 2050 kò ṣeé ṣe. Lóṣù kẹwàá ọdún kan náà, ó ṣèlérí pé bí òun bá wọlé, òun yóò fagi lé òfin 2008 náà pátápátá. Theresa May, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, tako ó ní gbangba. Ẹgbẹ́ Reform UK ti Nigel Farage le ju Badenoch lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Labour tó wà nípò ti gbà kí wọ́n tún máa kọ́ ẹ̀rọ iná tí afẹ́fẹ́ ń yí sórí ilẹ̀, ó sì ní òun kò ní fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ láti lọ wá epo tuntun. Ẹgbẹ́ Green ní Labour gan-an ń fà sẹ́yìn.

Àwọn tó ní kí wọ́n rọra ní àríyànjiyàn méjì tó lágbára, ó sì yẹ ká gbọ́ wọn dáadáa. Èkíní: èéfín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti gbogbo ayé, kí ló dé tí aráàlú yóò máa jìyà nígbà tí Ṣáínà ń sun èédú? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, bí wọ́n ṣe rí i nìyẹn. Ìdáhùn àwọn tó kù ni pé bí gbogbo orílẹ̀-èdè tí tiwọn kò tó ìdá méjì bá sọ bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ wọn ju ti Amẹ́ríkà lọ fíìfíì, àti pé láyé èédú, èéfín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ bo ayé.

Èkejì ni owó iná, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú. Bí iye owó iná ṣe ń jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyí. Fún gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n máa ń pe àwọn tó ń pèsè iná wọlé láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù: sólà, afẹ́fẹ́, núkílíà, títí iná yóò fi tó ohun tí aráàlú nílò. Iye tí ẹni tó wọlé gbẹ̀yìn bá dá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò gbà. Gáàsì ló sì sábà máa ń gbẹ̀yìn. Nítorí náà nígbà tí ogun Russia àti Ukraine mú gáàsì wọ́n lọ́dún 2022, iná tó ti ara afẹ́fẹ́ wá náà di ọ̀wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lápá kejì, òótọ́ ni pé wọ́n ń yọ owó kan lórí bíìlì aráàlú láti fi ṣèrànwọ́ fún àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àti sólà, pàápàá èyí tí wọ́n kọ́ láyé ìgbà tí wọ́n ṣì wọ́n. Labour á nàka sí gáàsì, Conservative á nàka sí owó ìrànwọ́ yẹn. Méjèèjì wà lórí bíìlì. Olóṣèlú tó bá mẹ́nu ba ọ̀kan tó fi èkejì pamọ́, kò ṣàlàyé fún yín.

Bjørn Lomborg ará Denmark wà nítòsí ibí yìí. Kò jiyàn pé ayé ń gbóná. Ohun tó ń sọ ni pé owó tí wọ́n ń ná láti dín èéfín kù kíákíá ìbá ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá ná an sórí ìlera àwọn tálákà àti ìwádìí fún iná olówó pọ́ọ́kú. Àwọn tó ń takò ó ní kò ka iye tí ìdádúró yóò jẹ wá níyà dáadáa, torí kábọ́ọ̀nù tí a bá tú sáfẹ́fẹ́ lónìí, apá kan nínú rẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Lójú tiwa, èsì yìí ló wúwo jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà: gbèsè tí kò ní í kúrò nílẹ̀ ni.

Owó orí, òfin, àbí ìrànwọ́?

Ká sọ pé gbogbo wa ti gbà pé ó yẹ ká dín èéfín kù. Báwo?

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fẹ́ràn kí wọ́n bu owó lé kábọ́ọ̀nù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lítà bẹntiróòlù kan, bí ẹ́ńjìnnì bá jó o, ń mú nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.3 kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáídì jáde. Bí owó orí bá jẹ́ 50 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn kìlógíráàmù 1,000, ohun tí yóò kún owó lítà kan jẹ́ sẹ́ńtì 11.5. Bí wọ́n bá ń ṣẹ́ dọ́là kan sí 1,500 náírà, nǹkan bí 172 náírà nìyẹn. Ẹni tó bá ra lítà 50 yóò san nǹkan bí 8,600 náírà lé e. Èrò wọn ni pé ìjọba kò ní láti sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó máa ṣe: onílé iṣẹ́ yóò wá ẹ̀rọ tí kì í jẹ epo, oníbàárà yóò wá ọ̀nà tó rọrùn fún un. Apá ọ̀tún ló yẹ kó fẹ́ èyí, torí pé ọjà ni wọ́n fi ń ṣe é. Swídìn ti ń ṣe é láti ọdún 1991, ìjọba ọ̀tún àti tòsì sì ti ń gbé e bọ̀ láti ìgbà náà.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ojú aráàlú. Kánádà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019 pẹ̀lú 20 dọ́là tiwọn lórí tọ́ọ̀nù, ó dé 80 lọ́dún 2024. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ni wọ́n ń dá padà sínú àkáǹtì àwọn ìdílé, ọ̀pọ̀ ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀ sì ń gbà ju ohun tí wọ́n san lọ. Síbẹ̀ wọ́n kórìíra rẹ̀. Ní ilé epo, ojú ń rí i bí nọ́ńbà ṣe ń sáré. Owó tó ń padà wọlé ń yọ́ wọ báńkì láìsí ẹni tó kíyè sí i. Pierre Poilievre, olórí ẹgbẹ́ Conservative níbẹ̀, sọ pípa owó orí yìí rẹ́ di orin ìpolongo. Nígbà tí Mark Carney di olórí ìjọba, òun tó ti ń gbè fún owó kábọ́ọ̀nù tẹ́lẹ̀ ló sọ ti aráàlú di òdo lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó jẹ́ kí ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa bá a lọ. Ọsirélíà ti ṣe irú rẹ̀ rí: wọ́n bẹ̀rẹ̀ lóṣù keje 2012, Tony Abbott, olórí ìjọba nígbà náà, fagi lé e lóṣù keje 2014. Ní Faransé, owó orí epo ló bí rògbòdìyàn àwọn alájákẹ́ẹ̀tì òféfèé lóṣù kọkànlá 2018, torí pé ará abúlé tí kò ní bọ́ọ̀sì kò ní ibòmíràn tó máa sá sí.

Kì í sì ṣe apá ọ̀tún nìkan ló ń kọ owó orí yìí. Lọ́dún 2016, ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà dìbò lórí owó orí kábọ́ọ̀nù tí gbogbo owó rẹ̀ yóò padà sọ́dọ̀ aráàlú nípa dídín owó orí mìíràn kù. Àwọn ẹgbẹ́ apá òsì kan tako ó, wọ́n ní ó yẹ kí owó náà lọ sórí iná tuntun àti àwọn àdúgbò tálákà. Ó ṣubú.

Nàìjíríà náà ní ìrírí yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í pè é ní ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Owó ìrànwọ́ orí epo jẹ́ òdìkejì owó orí kábọ́ọ̀nù: ìjọba ń sanwó kí epo lè pọ́ọ́kú, ènìyàn sì ń jó o jù. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí gbogbo ayé yọ ọ́. Lóṣù kìíní 2012, lítà kan fò láti 65 náírà sí 141, aráàlú dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sí 97. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinúbú ní owó ìrànwọ́ ti lọ, epo tí kò tó 200 náírà sì fò kọjá 480. Àfikún náà ju ohun tí owó orí 50 dọ́là ìbá fi kún un lọ fíìfíì. Àpò ìjọba tó gbẹ ló fà á, kì í ṣe ojú ọjọ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti Faransé: bí kò bá sí ọkọ̀ èrò tó péye, tí owó tí wọ́n yọ kò sì hàn lójú aráàlú, ìyà lásán ló máa jọ.

Nítorí ìbẹ̀rù yìí ni ọ̀pọ̀ olóṣèlú apá òsì ṣe yan ìrànwọ́ dípò owó orí. Òfin tí Joe Biden fọwọ́ sí lóṣù kẹjọ 2022 fún ilé iṣẹ́ bátìrì, sólà àti ọkọ̀ oníná ní ìdẹ̀rùn owó orí. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ Republican kan ṣoṣo tó dìbò fún un, síbẹ̀ àgbègbè tiwọn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà lọ. Lọ́dún 2024, méjìdínlógún nínú àwọn aṣòfin Republican kọ̀wé sí olórí ilé pé kó má ṣe fà á tu pátápátá. Lọ́dún 2025, Trump àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gé púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò.

Iná wo?

Núkílíà pín àwọn tó fẹ́ràn àyíká sí méjì. Ẹgbẹ́ Green ní Jámánì ti inú ìjà sí núkílíà jáde, ilẹ̀ náà sì ti ilé iṣẹ́ núkílíà mẹ́ta tó kù pa lọ́jọ́ 15 oṣù kẹrin 2023, nígbà tí wọ́n ṣì ń sun èédú. Faransé, tí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iná rẹ̀ ń ti ara núkílíà wá, ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ ohun tí kò yẹ kéèyàn ṣe. Ẹnìkan lè bẹ̀rù ìdọ̀tí núkílíà, ẹlòmíràn lè bẹ̀rù èédú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pe ara wọn ní olùgbèjà ayé.

Gáàsì ni ti Nàìjíríà. Ọ̀ṣínbàjò àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 80 ọmọ Nàìjíríà tí kò ní iná, àwọn obìnrin ń fi igi dáná, èéfín ń pa wọ́n. Bí a bá fi gáàsì pèsè iná, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti èédú. Ètò tí ìjọba gbé jáde lóṣù kẹjọ 2022 ní gáàsì yóò jẹ́ afárá títí sólà yóò fi gbilẹ̀, net zero yóò sì wáyé lọ́dún 2060, gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ Buhari ṣe ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow lọ́dún 2021. Iye tí wọ́n ní yóò gbà: tírílíọ̀nù 1.9 dọ́là.

Àwọn bíi Bassey dáhùn lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́, methane. Èyí ni gáàsì fúnra rẹ̀ kó tó jó. Bó bá jò láti ara páìpù, láàrin 20 ọdún ó ń mú ayé gbóná ju kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáídì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 80. Bí èyí tó ń jò bá pọ̀ díẹ̀, àǹfààní ìdajì yẹn á run. Èkejì, ìtàn. Òfin ọdún 1979 ní kí jíjó gáàsì dànù ní Niger Delta dópin lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 1984. Títí di òní, iná náà ṣì ń jó. Ìjọba tó ń jó gáàsì dànù fún ogójì ọdún, wọ́n ní, kò lè pe gáàsì náà ní afárá kí àwọn ará Delta gbà á gbọ́. A gbà pé ẹ̀tọ́ Áfíríkà láti ní iná kò ṣeé jà níyàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè methane yẹn ní láti ní ìdáhùn pẹ̀lú òǹkà, kì í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ààrẹ Lula náà wà nínú irú ìfàgbá yìí ní Bràsíl. Ìlú Belém lẹ́nu igbó Amazon ló ti gba àlejò COP30, ìpàdé tí gbogbo ayé ń ṣe lọ́dọọdún lórí ojú ọjọ́, lóṣù kọkànlá 2025. Oṣù tó ṣáájú rẹ̀ ni àjọ àyíká ilẹ̀ náà fún Petrobras, ilé iṣẹ́ epo ìjọba, láṣẹ láti gbẹ́ kànga wá epo nínú òkun tó wà lágbègbè ẹnu odò Amazon.

Ta ni yóò sanwó?

Ẹ wo òǹkà wọ̀nyí. Lọ́dọọdún, Ṣáínà ló ń tú èéfín jù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí a bá ka gbogbo èyí tó ti jáde láti ìgbà èédú, Amẹ́ríkà ló wà níwájú, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí a bá pín in fún orí kọ̀ọ̀kan, ará Amẹ́ríkà kan ń tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 14 lọ́dún, ọmọ Nàìjíríà kan kò tó tọ́ọ̀nù kan. Olóṣèlú kọ̀ọ̀kan máa ń mú èyí tó dá a láre. Bí ẹ bá gbọ́ òǹkà kan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Àdéhùn Rio tọdún 1992 ní gbogbo wa la ni ẹrù náà, ṣùgbọ́n a kò ní gbé e ní ìwọ̀n kan náà. Ó to àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ sínú ìwé. Ṣáínà kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà, Democrat àti Republican lápapọ̀, fi dìbò 95 sí òdo lọ́dún 1997 pé àwọn kò ní fara mọ́ àdéhùn tí kò bá de àwọn orílẹ̀-èdè bíi Ṣáínà àti Íńdíà. Ní Copenhagen lọ́dún 2009, àwọn ọlọ́rọ̀ ṣèlérí bílíọ̀nù 100 dọ́là lọ́dọọdún títí di 2020. Ọdún 2022 ni wọ́n tó dé ibẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó yíyá. Ní Baku lọ́dún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dìde bọ̀ béèrè tírílíọ̀nù 1.3, wọ́n gba ìlérí bílíọ̀nù 300 lọ́dọọdún títí di 2035. Íńdíà kọ̀ ọ́ lójú ìpàdé, Nàìjíríà náà bẹnu àtẹ́ lù ú.

Owó àdánù, ìyẹn owó fún ohun tí ojú ọjọ́ ti bà jẹ́, ni ó le jù. Àyétòrò ní Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, ni òkun ti ń jẹ láti ọdún pípẹ́, ilé àti ibojì ti wọ omi. Òkun gbogbo ayé ti fi nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà ga sí i láàrin 1901 sí 2018. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ náà tún ń rì. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ìpín èéfín nínú ilé kan tó wó? Èyí ni àwọn ọlọ́rọ̀ máa ń sá sí. Ní Paris lọ́dún 2015, Amẹ́ríkà rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìpinnu náà pé ọ̀rọ̀ àdánù kò fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó ìtanràn. Lọ́dún 2022 ní Íjíbítì, wọ́n gbà láti dá àpò àdánù sílẹ̀, àtinúwá sì ni owó inú rẹ̀. Lóṣù keje 2025, ilé ẹjọ́ àgbáyé ní orílẹ̀-èdè tó bá kùnà ojúṣe rẹ̀ lè ní láti san àtúnṣe. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe ìdájọ́, ṣùgbọ́n àwọn agbẹjọ́rò ti gbá a mú.

Bí ẹ bá fẹ́ bi olóṣèlú léèrè

Nítorí náà, má bi í bóyá ó gbà á gbọ́. Bi í ní ọdún tó fẹ́ kí ohun tó ṣèlérí ṣẹlẹ̀, àti ohun tí yóò hàn ní ọdún márùn-ún sí àsìkò yìí. 2060 jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ṣèlérí kò ní sí nípò mọ́. Bi í bóyá owó orí, òfin, àbí ìrànwọ́ ni, àti àpò tí owó yóò ti jáde. Bó bá ní gáàsì, bi í ní iye tó ń jò àti iye tí wọ́n ń jó dànù. Bó bá sọ pé ìlú òyìnbó ni kó sanwó, bi í ní ohun tí yóò ṣe fún etí òkun bí owó náà kò bá tètè dé.

Ní Nàìjíríà, ibi tí ẹ lè gbá mú wà nínú òfin àyípadà ojú ọjọ́ tí Buhari fọwọ́ sí lóṣù kọkànlá 2021. Ó ní kí ìjọba máa fi òdiwọ̀n èéfín lélẹ̀, kí ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tó ń rí sí i, kí ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa bójú tó bí wọ́n ṣe ń dín èéfín kù lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nírú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ta ni ẹni náà, àti òǹkà tó kọ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá.